Owó Sólà Kì Í Ṣe Owó Ìpín

Ọkùnrin kan wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kan, ó há báàgì dúdú mọ́ abíyá, ó ní ìròyìn ayọ̀ lòun mú wá. Ó ní Báńkì Àgbáyé ti fún Nàìjíríà ní 750 mílíọ̀nù dọ́là láti fi ra sólà fún mẹ̀kúnnù, pé fọ́ọ̀mù rẹ̀ ló wà nínú báàgì yìí, ₦3,000 péré ni ẹyọ kan. Ìyá kan tó ń ta gàrí lọ́jà Arada, tí gbogbo wa nínú ẹgbẹ́ ń pè ní Ìyá Àgbà, bi í léèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n á gbé sólà náà wá bá mi nílé ni, àbí èmi ni n ó lọ gbé e l'Ábújá?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa, ó ti ta fọ́ọ̀mù mọ́kànlá. Ọ̀kan nínú mọ́kànlá yẹn, èmi ni mo rà á.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó sọ ni irọ́. Owó náà wà. Lóòótọ́ ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là lóṣù Kejìlá ọdún 2023 fún ètò kan tí wọ́n ń pè ní DARES. Orí fọ́ọ̀mù ni irọ́ ti wọ̀ ọ́. Kò sí fọ́ọ̀mù tí ẹnì kan lè kún ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí owó yẹn gbéra l'Ábújá kó bọ́ sí àpò rẹ̀, torí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n la ọ̀nà fún un. Nígbà tí ojú tì mí tán, mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, mo ń ka ohun tí mo rí kà, mo ń bi àwọn tó mọ̀ ọ́n léèrè. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín, kí ẹlòmíì má baà ra tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí owó fi ń wọ ọ̀rọ̀ oòrùn rárá. Oòrùn tiwa pọ̀ tó láti sá èlùbọ́, sá láfún, sá hóró kajú. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ sólà máa ń ṣírò nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún oòrùn tó múná lójúmọ́ fún agbègbè wa. Àwọn àgbà ní a kì í gbé inú odò kí ọṣẹ ó máa ta wá lójú, bẹ́ẹ̀ ọṣẹ ń ta wá lójú. Owó ọjọ́ àkọ́kọ́ ló fà á. Jẹnẹrétọ̀ kì í gba owó ńlá lọ́wọ́ ẹni lọ́jọ́ tí a rà á, ojoojúmọ́ ló ń bu tirẹ̀ jẹ. Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń bù ú. Sólà ní tirẹ̀ ń gba owó ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì dákẹ́. Ẹni tó ń rí owó oúnjẹ lójoojúmọ́ lè gbọ́ bùkátà jẹnẹrétọ̀ torí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń gbà á. Kò lè gbọ́ ti sólà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sólà ló máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn nígbẹ̀yìn. Àlàfo yẹn gan-an ni gbogbo owó tí à ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìròyìn fẹ́ dí.

Ibi tí owó ti ń wá

Orísun tó gbajúmọ̀ jù ni Báńkì Àgbáyé. Kí DARES tó dé ni wọ́n ti yá Nàìjíríà ní 350 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2018 fún ètò kan tí a mọ̀ sí NEP, Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà sì fi 200 mílíọ̀nù tirẹ̀ lé e. REA, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iná ìgbèríko, ló ń darí méjèèjì l'Ábújá. DARES fẹ́ kí iná dé ọ̀dọ̀ èèyàn mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún àtààbọ̀, kó sì gba ipò jẹnẹrétọ̀ tó lé ní 250,000.

Ẹ kíyè sí i pé mo sọ pé wọ́n *yá* Nàìjíríà. Ẹ̀yáwó ni owó yìí nígbà tó bá wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Àwa àtàwọn ọmọ wa la máa san án. Tó bá kúrò l'Ábújá tó dé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń gbé sólà kalẹ̀, ó di owó ìrànwọ́ tí wọn kì í dá padà. Owó kan náà ni o. Gbèsè ni lápá kan, ọ̀fẹ́ ni lápá kejì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú mọ́ ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́, ibẹ̀ náà sì ni àwọn oní-fọ́ọ̀mù ti ń rí oúnjẹ jẹ.

Orísun kejì, tí a kì í sábà gbọ́, ni ti agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa yìí. ECOWAS ní ibùdó kan fún iná tí kì í tán àti fún ìṣọ́nálò, ECREEE ni orúkọ rẹ̀, ìlú Praia ní Cape Verde ló wà láti ọdún 2010. Lọ́dún 2013 ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ìlànà méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan fún sólà, atẹ́gùn àti omi, èkejì fún bí a ó ṣe máa lo iná láì fi ṣòfò. Báńkì ìdàgbàsókè ECOWAS fúnra rẹ̀ wà ní Lomé, ní Tógò. Lọ́dún 2019, Báńkì Àgbáyé tún bá agbègbè wa dá ètò ROGEAP sílẹ̀, orílẹ̀-èdè mọ́kàndínlógún ló sì wà nínú rẹ̀, torí pé wọ́n mú àwọn bíi Chad àti Cameroon mọ́ ọn.

Ẹ lè ní kí ló kan Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ọ̀rọ̀ Praia. Ọjà ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń kó pánẹ́ẹ̀lì wọlé fún orílẹ̀-èdè kékeré kan kò lè rà á ní ẹ̀dínwó. Bí òfin ìdánwò ojúlówó bá sì yàtọ̀ ní Kútọnu sí ti Èkó, gbàrọgùdù ni yóò máa gba ẹnubodè kọjá. Owó agbègbè wà fún irú nǹkan báwọ̀nyí: òfin kan náà, ìdánwò ojúlówó kan náà, àti ẹ̀yáwó tó ń gba ọ̀dọ̀ báńkì ìdàgbàsókè lọ sí ọ̀dọ̀ báńkì oníṣòwò, kó tó kan ilé-iṣẹ́ tó ń ta sólà. Kí ó tó dé orí òrùlé yín, ó ti di ẹ̀dínwó, tàbí ànfààní láti san owó díẹ̀díẹ̀, tàbí bátìrì tí kò kú lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ kò ní rí i gẹ́gẹ́ bí owó.

Ti ilé náà wà. Lọ́dún 2020, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ya ₦140 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún ẹ̀yáwó sólà, Bank of Industry tí a ń pè ní BOI sì ń yá oníṣẹ́-ọwọ́ àti oníṣòwò lówó fún un pẹ̀lú. Ẹ̀yáwó ni èyí náà, ó ń fẹ́ onígbọ̀wọ́ àti ìwé.

Bíríkìlà tí wọn kò sanwó fún títí ògiri fi dúró

Apá tó yé mi gbẹ̀yìn nìyí, òun náà ló sì tú gbogbo rẹ̀ fún mi. Owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ yìí, ẹ̀yìn iṣẹ́ ni ó ń dé. Ẹ fojú inú wò ó bí ìgbà tí ẹ gbé iṣẹ́ fún bíríkìlà, tí ẹ ní, "Ra búlọ́ọ̀kù, ra sìmẹ́ńtì, mọ ògiri, bí òjò mẹ́ta bá rọ̀ tí kò wó, n ó wá san owó." Bíríkìlà tí kò lówó lọ́wọ́ kò lè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lábẹ́ NEP, iye tí wọ́n ń san fún iná abúlé, èyí tí wọ́n ń pè ní mini-grid, jẹ́ 350 dọ́là lórí ilé kọ̀ọ̀kan tí iná dé; lẹ́yìn náà wọ́n gbé e sókè sí 600. Ká ní abúlé kan wà lọ́nà Ìkòyí-Ilé tó ní igba ilé. Igba lọ́nà 600 jẹ́ 120,000 dọ́là. Ẹni tó bá gbọ́ iye yẹn á pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ náà tó rí kọ́bọ̀: yóò ra pánẹ́ẹ̀lì, ra bátìrì, ri òpó, na wáyà, so mítà mọ́ gbogbo ilé, kí iná sì máa tàn dáadáa fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Àwọn olùyẹ̀wò yóò wá kà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó tó jáde.

Níbo ni ilé-iṣẹ́ náà ti rí owó tó fi ṣe gbogbo èyí? Ó yá a. Níbí ni ọ̀rọ̀ dọ́là ti wọlé. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, náírà ni àgbẹ̀ fi ń san owó iná. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là kan ní báńkì. Lọ́dún 2024 ó kọjá ₦1,500. Ilé-iṣẹ́ tó yá dọ́là nígbà tó wà ní ₦460 mọ ojú tí òun fi rí i. Ìdí nìyí tí owó iná mini-grid fi máa ń ga ju ti NEPA lọ, tí ará abúlé á sì máa bínú pé ṣebí Báńkì Àgbáyé ti san án. Díẹ̀ ni wọ́n san. Ìyókù, oníbàárà ló ń san án.

Èmi ò gbèjà ilé-iṣẹ́ kankan o. Àwọn kan wà tó ń fi "owó ìrànwọ́ kò tíì jáde" bo ìwà ọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé ní agbára kan tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀. Òfin mini-grid tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe àbójútó ọ̀rọ̀ iná, ṣe lọ́dún 2016 tí wọ́n sì tún ṣe lọ́dún 2023, gbà kí ilé-iṣẹ́ àti àwùjọ jókòó fẹnu kò lórí iye owó iná, kí àwọn oníbàárà tó ń lo ó kéré tán ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún iná náà sì fọwọ́ sí i. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ìwé wá fún baálẹ̀ nìkan pé kó tẹ̀ ẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí ìfọwọ́sí àwọn tó kù wà. Ẹ tún bèèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wáyà IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná NEPA ní agbègbè wa, bá dé abúlé lọ́jọ́ iwájú, torí òfin náà sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ NERC yìí, ó ti ń yí padà. Òfin iná tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lóṣù Kẹfà ọdún 2023 gba ìpínlẹ̀ láyè láti máa darí ọjà iná tirẹ̀, Ọ̀yọ́ sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí NERC ti gbé àbójútó lé lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀sùn lórí iná ní ìpínlẹ̀ wa yóò túbọ̀ máa kọjú sí Ìbàdàn, kò ní máa wo Àbújá mọ́. Ó sún mọ́ wa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bóyá yóò sì dára jù, ojú wa ni yóò ṣe.

Èwo ni tèmi nínú ìlú?

Bí ilé yín bá wà ní Tákíè tàbí Sábó tí wáyà NEPA ti dé, kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń wá pẹ̀lú mini-grid abúlé. Ohun tó kàn yín ni sólà tí wọ́n ń gbé wá sílé tí ẹ ó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ètò bíi DARES ń fi owó ìrànwọ́ ti irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, kí iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà lè wálẹ̀. Bí ẹ kò bá sanwó, wọ́n á ti ẹ̀rọ náà pa láti ọ̀nà jíjìn, iná á kú. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé, ẹ ṣírò àpapọ̀ gbogbo ohun tí ẹ máa san títí yóò fi di tiyín, kí ẹ má wo ti oṣù kan nìkan. Ẹ bèèrè iye ọdún tí wọ́n fi ṣe onígbọ̀wọ́ bátìrì. Bátìrì ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́, òun náà ló sì ń gbowó jù.

Àwọn ọmọ LAUTECH, yunifásítì tó wà ní ìlú wa, kan ti bi mí rí pé kí ló dé tí wọn kò gbé sólà ńlá wá sí ọgbà wọn bíi ti BUK, yunifásítì Bayero ní Kánò, tó gba ti 7.1 mẹ́gáwọ́ọ̀tì lọ́dún 2019. Ètò yẹn, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ mẹ́tàdínlógójì àti ilé ìwòsàn olùkọ́ni méje ni wọ́n ṣe é fún. Ti ìpínlẹ̀ ni LAUTECH. Ẹnikẹ́ni kò fi wọ́n sílẹ̀ nítorí ìkà. Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ti ọjà àti ti oníṣẹ́-ọwọ́ ló sún mọ́ ẹgbẹ́ wa jù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: báńkì kò ní dá ìyá oníyọ̀ kan lóhùn, ilé-iṣẹ́ sólà kò sì ní gbé ọkọ̀ wá nítorí gílóòbù mẹ́ta. Ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀, tó ní ìwé àkọsílẹ̀ owó, tó sì lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín kì í ṣe iye owó tí ẹ fẹ́. Wọ́n á bi yín pé: iná mélòó ni ẹ ń lò?

Ìdajì tí a máa ń gbàgbé

Ẹ rántí pé ìlànà méjì ni ECOWAS fọwọ́ sí lọ́dún 2013. Gbogbo ènìyàn ń pariwo ti sólà; ti ìṣọ́nálò dákẹ́ sí kọ̀rọ̀. Mo rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Olóṣèlú lè ya fọ́tò níwájú pánẹ́ẹ̀lì; ta ló lè ya fọ́tò iná tí a kò lò? Bẹ́ẹ̀ òun ni owó rẹ̀ kéré jù, òun ló sì ń mú ti sólà wálẹ̀.

Ẹ mú bírò. Ilé tó ní gílóòbù mẹ́wàá, èyí tó máa ń gbóná bí ààrò, 60 wọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń tàn fún wákàtí márùn-ún lálẹ́, ń jẹ 3,000 wọ́ọ̀tì-wákàtí, ìyẹn yúníìtì mẹ́ta. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ sí LED 9 wọ́ọ̀tì, 450 ni yóò jẹ, kò tó ìdajì yúníìtì. Lórí iye tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ Band A, ìyẹn ìpele àwọn tí iná wọn gbọ́dọ̀ tó ogún wákàtí lójúmọ́, lóṣù Kẹrin ọdún 2024, ₦225 fún yúníìtì, ₦675 di nǹkan bíi ₦101 lóru kan. Ìyẹn fún ẹni tó ń lo iná NEPA. Fún ẹni tó fẹ́ ra sólà, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ: ilé àkọ́kọ́ nílò nǹkan bíi pánẹ́ẹ̀lì 300 wọ́ọ̀tì mẹ́ta fún gílóòbù nìkan, èkejì kò nílò ju kékeré kan lọ, bátìrì rẹ̀ á sì kéré bákan náà. Ìlànà ECOWAS yẹn fẹ́ kí gílóòbù olóoru di àwátì ní ọdún 2020. Mo ṣì rí wọn rà ní Tákíè.

A ṣe irú ìṣirò yìí fún Ìyá Àgbà. Ó ní ẹ̀rọ tó fi ń rin ẹ̀gẹ́, dísẹ́ẹ̀lì ló ń jẹ. Bí wọ́n bá fi mọ́tò iná alágbára ẹṣin márùn-ún rọ́pò rẹ̀, yóò fà tó kílówọ́ọ̀tì mẹ́rin sí mẹ́rin àtààbọ̀, tí yóò sì fà ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po ní ìṣẹ́jú àáyá tó bá ń tají. Ohun tó ń ba ínfátà olówó pọ́ọ́kú jẹ́ nìyẹn, tí àwọn èèyàn á sì ní sólà kò lè gbé ẹ̀rọ. Nígbà tí mo bi í pé ìgbà wo ló máa ń rin ẹ̀gẹ́, ó ní, "Láàárọ̀ kùtù àti lálẹ́, nígbà tí oòrùn ò mú." Mo ní bó bá lè sún un sí ààrin agogo mẹ́wàá sí méjì ọ̀sán, bátìrì tó máa nílò kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tó máa nílò lálẹ́, torí inú pánẹ́ẹ̀lì ni ẹ̀rọ náà á ti máa mu iná tààrà. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Kí n wá jókòó sínú oòrùn torí pé mo fẹ́ lo oòrùn?" A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì ó rán ọmọ rẹ̀ wá bi mí léèrè iye páànù tí òun máa fi ṣe àtíbàbà.

Láti ìgbà náà, a ti ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ nínú ẹgbẹ́, à ń kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀rọ ìránṣọ mélòó, fíríísà mélòó, ẹ̀rọ ata mélòó, wọ́ọ̀tì wọn, wákàtí tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, iye epo tí wọ́n ń rà lọ́sẹ̀. Ìwé yẹn la máa gbé lọ bá ilé-iṣẹ́ sólà tàbí báńkì tí a bá yàn. Ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù ₦3,000 tí mo rà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bébà náà nípọn, ó sì gba bírò dáadáa.